Apá Ère Tí Mi Ò Jó Tán

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Ọ̀rọ̀ yìí ti pé oṣù mẹ́fà nínú mi, kò sì sẹ́ni tí mo sọ ọ́ fún. Ìyàwó mi pàápàá ò mọ̀. Mo ba iṣẹ́ ọwọ́ ọmọkùnrin kan jẹ́, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Wọ́n ti wá fẹ́ tìtorí ẹ̀ lé e kúrò nílé lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀ yìí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé sí yín. Bí kì í bá ṣe ti Sátidé yẹn ni, bóyá ǹ bá gbé e mì títí màá fi kú.

Wẹ́dà ni mí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, àmọ́ ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń jó irin ní Ìgandò níbí. Géètì ni o, irin fèrèsé ni o, ẹsẹ̀ táǹkì omi ni o, kò sí èyí tí mi ò lè jó. Bàbá Rùká ni wọ́n ń pè mí. Rùkáyátù ni àbígbẹ̀yìn mi, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ó sì ní àìsàn fòníkú-fọ̀ládìde. Bí egungun bá bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, kò sẹ́ni tó lè sùn nílé wa.

Inú ẹ̀sítéètì kan là ń gbé. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Ìdílé onílẹ̀ kan ló kọ́ ọ, wọ́n ní gbogbo èèyàn làwọn fẹ́ kó gbé ibẹ̀: Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì, Yorùbá, Ìgbò, Hausa, afọ́jú, adití, ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ. Kò sí àtẹ̀gùn lẹ́nu ọ̀nà ilé kankan níbẹ̀, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni wọ́n ṣe gbogbo ẹ̀ kí kẹ̀kẹ́ lè gùn ún. Èmi ni mo jó irin tí àwọn afọ́jú ń dì mú rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Iṣẹ́ yẹn ló gbé mi débẹ̀. Nígbà tí mo rí i pé ẹsẹ̀ Rùká ò ní máa gun àtẹ̀gùn, mo ní a ò lọ ibòmíì mọ́.

Nígbà tó yá, wọ́n ní àwọn fẹ́ gbé ère kan sí ojúde, níbi tí ọ̀nà mẹ́rin ti pàdé, èyí tí gbogbo ará ibẹ̀ máa pè ní tàwọn. Káyọ̀dé ni wọ́n gbé e fún. Ó tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún, adití sì ni. Àìsàn ló gba etí ẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré. Kì í fẹnu sọ̀rọ̀, àmọ́ ó mọ Yorùbá kọ dáadáa, ó máa ń kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé kékeré kan fún èèyàn kà. Yàrá kan ló ń gbé lẹ́yìn ọ́fíìsì ẹ̀sítéètì, ibẹ̀ náà ló ti ń ṣiṣẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ìwà mi o. Mo máa ń fura. Àwọn àgbà ní ìfura loògùn àgbà, èmi lo oògùn náà kọjá bó ṣe yẹ. Bí ẹnìkan bá fún mi lómi mu, màá kọ́kọ́ yẹ ìdí ife wò. Ìyàwó mi a ní, "Bàbá Rùká, ọjọ́ kan lẹ máa fura sí òjìji ara yín." Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nígbà yẹn.

Mi ò gba ti Káyọ̀dé láti ìbẹ̀rẹ̀, mi ò ní parọ́. Mùsùlùmí ni mí, ère ò sí lára ohun tí wọ́n fi tọ́ mi dàgbà. Lóòótọ́, Ìmáàmù wa ní kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni máa forí balẹ̀ fún, pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni, mo sì gbà á lẹ́nu. Ọkàn mi ṣá ò gbà. Yàtọ̀ síyẹn, ọwọ́ tó fi ń sọ̀rọ̀ yẹn máa ń bà mí lẹ́rù. Òun àti Rùká á dúró, wọ́n á máa ju ọwọ́ síra wọn, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Láàárín oṣù díẹ̀, Rùká ti gbọ́ èdè adití yẹn tán lọ́dọ̀ ẹ̀. Èmi á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ níṣojú ẹ̀. Kí ni wọ́n ń sọ? Ta ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín? Mi ò bi wọ́n.

Obìnrin kan tó jókòó ni ère náà. Ó na apá méjèèjì gbọọrọ sí ẹ̀gbẹ́, bí ẹni tó ń pe ọmọ mọ́ra. Káyọ̀dé ò jẹ́ kó ga, torí ó fẹ́ kí ọwọ́ afọ́jú tó ojú ẹ̀. Ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ lè wọ abẹ́ apá ẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ní ilà, èkejì ò ní. Èmi ni mo ń jó egungun ẹ̀, ìyẹn irin inú. Òun á wá fi àwọ̀n onírin wé e, á fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ. Ká sòótọ́, ó mọṣẹ́.

Ìgbà tí a jó ara tán, tó ku apá, ni Káyọ̀dé pín ìwé pélébé-pélébé káàkiri ilé. Ó ní kí olúkúlùkù kọ orúkọ ẹ̀ sí i, kó sì kọ orúkọ ìyá ẹ̀. Ó ní òun máa kó gbogbo ẹ̀ sínú ìgò kan, òun á gbé e sí àyà ère náà, òun á fi sìmẹ́ǹtì bò ó.

Ẹ̀yin èèyàn mi, orúkọ èèyàn pẹ̀lú orúkọ ìyá ẹ̀! Ẹni tó bá ti lọ sọ́dọ̀ àáfà rí á mọ ohun tí mò ń wí. Bó jẹ́ oore ni wọ́n fẹ́ ṣe fún ọ, orúkọ rẹ àti ti ìyá rẹ ni wọ́n máa bi ọ́. Bó bá sì jẹ́ ibi ni, orúkọ méjèèjì yẹn náà ni. Nílé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìyá àgbà mi ò jẹ́ dárúkọ ìyá ẹnikẹ́ni lójú àlejò. Ọmọkùnrin tí kò gbọ́, tí kò fọhùn, wá fẹ́ kó tiwa jọ sínú ìgò, kó rì í mọ́nú ère. Mo ní háà, wọ́n ti mú wa!

Mo kìlọ̀ pé kẹ́nikẹ́ni má kọ nǹkan kan nílé mi. Rùká kọ tiẹ̀ lẹ́yìn mi. Ojú mi báyìí ló ṣe jù ú sínú ìgò, tó ń rẹ́rìn-ín sí Káyọ̀dé. Mi ò lè pariwo láàárín àwọn èèyàn, wọ́n á ní ara oko ni mí.

Ọjọ́ kẹta ni àìsàn Rùká gbé e dè. Kì í ṣe pé kì í ṣe é tẹ́lẹ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, mo mọ̀ pé oṣù méjì kì í kọjá kí egungun má ro ó. Àmọ́ ti ọ̀tẹ̀ yẹn le. Ọjọ́ márùn-ún la lò nílé ìwòsàn. Ó ń ké pé, "Bàbá, ẹ bá mi di ẹsẹ̀ mi mú," mò ń dì í mú, kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ibi tí mo jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í to nǹkan pọ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni táńsífọ́mà àdúgbò bú. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni fíríìsà tí ìyàwó mi fi ń ta omi tútù kú. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni bàtà mi ẹsẹ̀ kan sọnù ní mọ́sálásí. Ẹ ń rẹ́rìn-ín, àbí? Ẹni tí ọmọ ẹ̀ ń ké ò rẹ́rìn-ín o. Gbogbo ẹ̀ ni mo kó lé ìgò yẹn lórí.

Nígbà tí a padà délé, apá ọ̀tún ère náà ló kù fún mi láti jó. Ti òsì ti wà níbẹ̀, mo jó o bó ṣe yẹ. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ wa fún yín. Bí a bá fẹ́ so irin méjì pọ̀, a máa kọ́kọ́ fi iná tọ́ ọ níbi méjì-mẹ́ta kó má bàa yẹ̀. Táàkì là ń pe ìyẹn. Kò tíì di jíjó, ó kàn máa gbé e dúró fún ìgbà díẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà la máa fi iná yí i po, a máa gbá èérí orí ẹ̀ dànù, a ó sì tún jó o lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ wa fún oṣù kan péré mọ ìyàtọ̀.

Ọ̀sán gangan ni. Káyọ̀dé ti lọ ra àwọ̀n onírin ní Ìyànà Ìpájà. Mo táàkì apá yẹn níbi mẹ́ta. Mo dúró. Mo wo àyà ère náà níbi tí ìgò wà, mo ní, "Ìwọ lo fẹ́ jẹ ọmọ mi?" Mo pa ẹ̀rọ. Mo fi ọ̀dà pupa kùn ún kí irin náà tó tutù tán, kó lè bo ojú ibi tí mi ò jó. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé bí sìmẹ́ǹtì bá ti wúwo lé e, á já lọ́jọ́ yẹn tàbí lọ́jọ́ kejì, nígbà tí kò tíì sí èrò níbẹ̀. Wọ́n á ní ère náà ò dáa, wọ́n á wó o, ìgò á jáde, ọmọ mi á gbádùn.

Káyọ̀dé dé. Ó fi ọwọ́ ra ojú ibi tí mo jó, bó ṣe máa ń ṣe. Ọ̀dà náà ò tíì gbẹ, ó yí i lọ́wọ́. Ó wò mí, ó gbé àtàǹpàkò sókè sí mi pé ó dáa. Ó fọkàn tán mi. Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Apá náà ò já. Wọ́n rẹ́ sìmẹ́ǹtì sí i, kò já. Wọ́n ṣí ère náà fún gbogbo èèyàn, pásítọ̀ gbàdúrà, Ìmáàmù gbàdúrà, kò já. Bàbá afọ́jú kan tí à ń pè ní Bàbá Tísà fi ọwọ́ wo ojú ère náà, ó kàn án ní imú, ó kàn án ní ilà, ó ní, "Ìyá mi rè é o," ó bú sẹ́kún. Àwọn ọmọdé ń gun itan ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo ìkà èèyàn. Mo pe Rùká, mo ní kò gbọdọ̀ jókòó sábẹ́ apá ọ̀tún yẹn láé. Ó ní kí ló dé, mo jágbe mọ́ ọn. Ọmọ tèmi ni mo kìlọ̀ fún. Mi ò kìlọ̀ fún ọmọ ẹlòmíì. Ojoojúmọ́ ni mò ń gba ibẹ̀ kọjá, tí mò ń yọjú wo èjìká ère náà bóyá ó ti ń lanu. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Ojú ń tì mí, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó já. Ọjọ́ Àìkú ni, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Mọ́mì Ńgọ́zí, obìnrin Ìgbò kan tí ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì ò ṣiṣẹ́, máa ń wa kẹ̀kẹ́ ẹ̀ síbẹ̀ láti gba atẹ́gùn. Lọ́jọ́ yẹn, ọmọ ẹ̀ gbé e sọ̀kalẹ̀ sórí ẹní kó lè di irun fún un. Wọn ò tíì di irun náà dé ìdajì tí apá yẹn fi já lu kẹ̀kẹ́ tó ṣófo. Mo gbọ́ ìró ẹ̀ láti ilé. Mo mọ ohun tó jẹ́. Nígbà tí mo sáré débẹ̀, tí mi ò rí ẹ̀jẹ̀, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀tẹ̀. Àwọn èèyàn rò pé àánú obìnrin yẹn ló ṣe mí.

Èmi náà ni wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ tó tẹ̀ fún. Mo tọ́ ọ, mo jó o, èyí mo jó o ní àjótán. Mọ́mì Ńgọ́zí gbàdúrà fún mi, ó ní ọwọ́ mi ò ní rọ láéláé. Mo ṣe àmín. Kí ni ǹ bá ṣe?

Àyà ère náà là pẹ̀lú apá yẹn, ìgò sì hàn síta. Alága ẹ̀sítéètì ní kí wọ́n fọ́ ọ, ká rí ohun tó wà níbẹ̀. Ó jọ pé èmi nìkan kọ́ ló ń fura. Wọ́n kó ìwé jáde, wọ́n ń kà á síta lọ́kọ̀ọ̀kan. Orúkọ lásán ni. Káyọ̀dé ti fi ìwé kan wé ìgò náà tẹ́lẹ̀, ó kọ "Àwọn ìyá wa" sí i lára. Ó wá kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀ fún Alága kà pé ère náà dúró fún ìyá gbogbo wa. Ó ní òun gba orúkọ ìyá kálukú kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé tòun ò sí níbẹ̀. Gbogbo ohun tí mo tìtorí ẹ̀ hùwà ìkà nìyẹn. Mi ò bi í rí. Bí mo bá bi í ni, ìlà méjì péré ló máa kọ fún mi, ọ̀rọ̀ á tán.

Wọ́n wá kan ìwé Rùká. Ó kọ ọ́ pé: "Rùkáyátù, ọmọ Sàfúrátù. Bàbá mi ló jó irin ère yìí." Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n gbá mi léjìká. Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu.

Ẹ̀ṣẹ̀ kejì tí mo dá ló burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Alága pe ìpàdé. Ó ní òun ti mọ̀ pé ibi tí iṣẹ́ adití máa já sí nìyẹn. Ó ní irin máa ń ké kó tó já, ẹni tó létí á gbọ́, á tètè wá nǹkan ṣe sí i, adití ò lè gbọ́. Ó yíjú sí mi. "Wẹ́dà, ìwọ lo mọṣẹ́, ṣé irin kì í ké ni?"

Lóòótọ́, irin máa ń ké. Àmọ́ irin tí wọ́n bá jó dáadáa ò ní débi tó ń ké. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo dìde, mo ní, "Ó máa ń ké, sà." Mo jókòó. Káyọ̀dé ń wò mí láti òdìkejì. Kò gbọ́ ohun tí mo sọ. Ó tẹ orí ba fún mi bí ẹni tó ń dúpẹ́.

Láti ọjọ́ yẹn, wọ́n fi tapólì bo ère náà. Ilé ẹ̀kọ́ kan tó ti ní kó wá ṣiṣẹ́ fún àwọn ní kó má wulẹ̀ wá mọ́. Lórí Wasáàpù ẹ̀sítéètì, wọ́n ń kọ ọ́ pé àánú ló jẹ́ kí wọ́n gbé iṣẹ́ fún un, pé àánú ọ̀hún ló kó bá wa. Ní báyìí, wọ́n fẹ́ wó ère náà pátápátá, kí Káyọ̀dé sì kó kúrò ní yàrá ẹ̀. Sátidé ni wọ́n máa fẹnu kò sí i. Yàtọ̀ sí ibẹ̀, kò ní ibi tó ń lọ.

Ó ku ohun kan tí mi ò tíì sọ. Lọ́jọ́ tí apá yẹn já, Káyọ̀dé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi àtàǹpàkò ra ìdí irin tó já. Ó rà á, ó tún rà á. Ibi mẹ́ta péré ni iná kàn lára irin yẹn, ẹni tó bá wò ó dáadáa á rí i. Ó gbójú sókè, ó wò mí. Ó wá mú ayùn irin, ó gé ibẹ̀ díẹ̀, ó kì í bọ àpò, ó gbé e lọ sí yàrá ẹ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣọ́ ọ. Bó bá kí mi, màá ní kí ló dé tó fi kí mi tó bẹ́ẹ̀. Bí kò bá kí mi, màá ní ó ti mọ̀. Bí òun àti Rùká bá ti ń ju ọwọ́ síra wọn, àyà mi á là. Ó ti sọ fún un, àbí kò tíì sọ? Ìyàwó mi ní mo ti rù, ó ní kí n lọ wo ìfúnpá. Mo ní iṣẹ́ ló pọ̀.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, lẹ́yìn ìrun Àsárì, Káyọ̀dé wá bá mi nílé. Àbúrò ẹ̀ obìnrin tó máa ń bá a sọ̀rọ̀ fún aráyé ti lọ sílé ọkọ ní Ìbàdàn. Ó kọ ọ́ sínú ìwé fún mi: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Tiyín ni wọ́n máa gbọ́." Ó ní Rùká á jókòó tì mí, á máa sọ ohun tí ọwọ́ òun bá wí sí mi létí, èmi á wá máa sọ ọ́ síta. Ọmọdé ò lè dìde sọ̀rọ̀ láàárín àwọn àgbà ẹ̀sítéètì, Alága ò ní gbà bẹ́ẹ̀. Mo tẹjú mọ́ ìwé náà. Kí ló dé tó jẹ́ èmi? Ṣé wọn ò bí ẹlòmíì ni? Àbí ó fẹ́ dẹ pàkúté fún mi ni? Kí n tó la ẹnu, Rùká ti gbà fún un. Inú ẹ̀ ń dùn pé bàbá òun máa sọ̀rọ̀.

A jókòó sí pálọ̀, a ní ká dán an wò. Mo rò pé ohun tó máa kọ́kọ́ sọ ni pé iṣẹ́ òun dáa, pé kí wọ́n jẹ́ kóun tún un ṣe. Ó gbé ọwọ́ sókè. Rùká wo ọwọ́ náà tán, ó ní, "Bàbá, ó ní ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ sọ nìyí: Ẹ má di ẹ̀bi ru Bàbá Rùká. Kò sí àléébù nínú irin tó jó."

Mo wo ojú Káyọ̀dé. Mo wá ẹ̀tàn níbẹ̀, mi ò rí i. Mo wá ìbínú, mi ò rí i. Bóyá ó mọ̀, tó fẹ́ bò mí láṣìírí, mi ò mọ̀. Bóyá ó fẹ́ kí n fi ẹnu ara mi parọ́ níwájú gbogbo èèyàn, kó wá fa irin tó gé yẹn yọ, mi ò mọ̀. Bó bá sì jẹ́ pé kò mọ nǹkan kan, mo gbé, ìyẹn ló tún burú jù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn. Bí mo bá jẹ́wọ́, ta ló máa gbé iṣẹ́ irin fún mi mọ́ ní gbogbo Ìgandò? Wọ́n lè ní kí èmi náà kó jáde, ibo ni mo ti fẹ́ rí irú ilé yẹn fún Rùká? Bí mi ò bá sì jẹ́wọ́, ọmọ ọlọ́mọ á kó ẹrù ẹ̀ lọ́wọ́, á bọ́ sí títì. Mo ti tọrọ àforíjìn lọ́dọ̀ Ọlọ́run títí. Àmọ́ Ìmáàmù ti wí fún wa lórí mínbárì pé ẹ̀tọ́ ọmọnìkejì, ẹni tó ni ín ló máa fi jini.

Rùká ò jẹ́ kí n sinmi. Bí mo bá ti dé láti ṣọ́ọ̀bù, á ní, "Bàbá, ẹ tún un sọ, kó má bàa kọ́ yín lẹ́nu." Mo ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin lójú ẹ̀. Kò sí àléébù nínú irin tí Bàbá Rùká jó. Á pàtẹ́wọ́ fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tí màá ṣe fún mi kí Sátidé tó dé, torí mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ lẹ́ẹ̀karùn-ún, tí ọmọ mi á jókòó tì mí, tí á máa wo ẹnu mi.